Ẹ̀gbọ́n Mi Lọ Kọ́ Bí Wọ́n Ṣe Ń Tọ́mọ

Káfíńtà ni ẹ̀gbọ́n mi. Ó ti kú báyìí. Ibà ló pa á, kò tiẹ̀ pẹ́ lórí àìsàn. Mi ò mọ̀wé púpọ̀, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kọ eléyìí sílẹ̀ kí ọmọ ẹ̀ lè kà á tó bá dàgbà.

Ó ga, ó sígbọnlẹ̀, ohùn ẹ̀ ju ti ayùn lọ. Tó bá ti ní "Gbé e wá!", àwa tí à ń bá a ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù á ti sáré. Bó ṣe ń pàṣẹ fún wa náà ló ń pàṣẹ fún ọmọ ẹ̀ obìnrin tí ò tíì pé ọmọ ọdún márùn-ún. Tí ọmọ ò bá yára, á gbá a. A ò rí nǹkan kan níbẹ̀. Bí wọ́n ṣe tọ́ àwa náà nìyẹn.

Ọmọ wá ń lu àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ní jẹ́lé-ó-sinmi. Ó tún ń gé wọn jẹ. Ìyá tó ni ibẹ̀ ránṣẹ́ pè wá. Ó bi ọmọ lójú wa pé, "Kí ló dé tóo fi ń lu èèyàn?"

Ọmọ ní, "Bí bàbá mi ṣe ń ṣe nìyẹn."

Ẹ̀gbọ́n mi wolẹ̀. Ìyá yẹn ní kó lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ́ òbí. Tọ́mọ bá tún lu ẹnì kan lẹ́yìn ìyẹn, kó má mú un wá mọ́.

Ìyàwó ẹ̀ ní, "Ìwọ ni kóo lọ. Ṣebí ìwọ lo kọ́ ọ."

Ó sọ fáwọn ọmọṣẹ́ pé pákó lòun ń lọ wò. Èmi àti ọmọ ló bá a lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ́ òbí. Àwọn ìyá ló kún ibẹ̀. Wọ́n ki ẹ̀rọ kékeré kan tí ohùn ń gbà jáde bọ̀ ọ́ létí, wọ́n ní kó jókòó sórí ẹní, kó bá ọmọ ẹ̀ fi àwọn pákó kéékèèké aláwọ̀ ṣeré ilé kíkọ́. Olùkọ́ wà lẹ́yìn gíláàsì pẹ̀lú mi, ó ń bá a sọ̀rọ̀ létí.

"Ilé ò rí báyẹn! Tú u!" Ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn.

"Bàbá, ẹ jẹ́ kó kọ́ ọ bó ṣe fẹ́. Ohun tó ń ṣe tó dáa ni kẹ́ẹ sọ."

Òógùn bò ó. "O... o gbé pupa lé orí funfun. Ó dáa."

Ọmọ wò ó bí ẹni tó rí àlejò. Ẹ̀gbọ́n mi kọjú sógiri. Mo rò pé ó fẹ́ sín ni. Ẹkún ni.

Wọ́n tún kọ́ ọ pé tọ́mọ bá ń yí nílẹ̀ nítorí ohun tí wọn ò fún un, kó gbójú kúrò. Tó bá ti dákẹ́, kó yìn ín kíá.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ní ṣọ́ọ̀bù, ọmọ ní òun ń fẹ́ òòlù. Kò rí i gbà, ló bá ṣubú lulẹ̀, ó ń ké. Ẹ̀gbọ́n mi kẹ̀yìn sí i. Ìyá Olómi-tútù, àgbà tó ń tajà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, sáré dé pẹ̀lú bisikíìtì.

"Ọmọ ń sunkún, o kẹ̀yìn sí i? Ṣé eruku pákó ti wọ̀ ẹ́ lórí ni?"

Àwọn ọmọṣẹ́ bú sẹ́rìn-ín.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e."

"Èmi tí mo gbé ìwọ gan-an pọ̀n! Ta ló kọ́ ẹ ní ìranù yìí?"

Ojú gbogbo wa wà lára ẹ̀. Ohùn ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má jáde. "Wọ́n ń kọ́ mi ni, mà. Èmi ni mo ba ọmọ yìí jẹ́. Ẹ bá mi tún un ṣe."

Ẹ̀rín dá. Ìyá pòṣé, ṣùgbọ́n ó ki bisikíìtì bọ àpò, òun náà kẹ̀yìn. Ẹkún ń lọ sílẹ̀. Nígbà tó dá, ẹ̀gbọ́n mi yí padà wéré. "O dákẹ́ fúnra ẹ. O ṣeun, ọmọ mi."

Láàárín oṣù yẹn, a lọ mú un ní jẹ́lé-ó-sinmi. Ọmọ kan já nǹkan gbà lọ́wọ́ ẹ̀ lójú wa. Ọmọ wa gbọ́wọ́ sókè láti lù ú. Ẹ̀gbọ́n mi di apá mi mú. Ọmọ sọ ọwọ́ kalẹ̀, ó lọ fẹjọ́ sun àǹtí ẹ̀. Ìyá tó ni ibẹ̀ ní kó ṣì máa mú un wá.

Lẹ́nu ọ̀nà, ẹ̀gbọ́n mi nawọ́ kó lè dì í mú. Ọmọ fà sẹ́yìn fìrì, ó forí pamọ́. Àwọn ìyá yòókù rí i. Ẹ̀gbọ́n mi ò fa ọwọ́ ẹ̀ padà. Ó ń wo ilẹ̀. Ọmọ wo ọwọ́ yẹn títí, ó wá gbé báàgì ẹ̀ kọ́ ọ lọ́wọ́.

"O ṣeun," ló ní, "tóo fún mi gbé." La bá ń lọ.