Dókítà Ó-Ku-Díẹ̀ àti Ìdáhùn Mẹ́rin

Orúkọ rẹ̀ ní ẹ̀kún-ún-rẹ́rẹ́, gẹ́gẹ́ bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ti sọ ọ́ tí ó sì lẹ̀ mọ́ ọn, ni Dókítà Ó-Ku-Díẹ̀-Kó-Jẹ́-Dókítà. Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ni nígbà tí ó fi ayé sílẹ̀. Ohun tí gbogbo ènìyàn kọ́kọ́ ń rántí nípa rẹ̀ ni ìdánwò tí ó ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn aláìsàn, ní ọdún tí ó kẹ́yìn nílé ẹ̀kọ́ ìṣègùn.

Ọ̀jọ̀gbọ́n mú un dé ọ̀dọ̀ ọkùnrin kan tí ikùn rẹ̀ wú, ó ní kí ó sọ ohun tí ó ń ṣe é.

"Ọ̀gá, ohun mẹ́rin ni ó lè jẹ́. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ lé méjì jáde."

Ó ka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó lé ìkíní, ó lé ìkejì, ó sì ti fẹ́ kan ìkẹta nígbà tí aláìsàn gbé orí kúrò lórí ìrọ̀rí.

"Ọmọ mi, má lé ìyẹn. Òun ni wọ́n ní ó ń ṣe mí."

Iṣẹ́ tíṣà tí ó ń ṣe lọ́sàn-án ni ó kó bá a. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni ó ń kọ́ àwọn tí ó fẹ́ wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga bí a ṣe ń yan ìdáhùn kan nínú mẹ́rin, nínú yàrá kan lókè ilé ìtẹ̀wé, níbi tí tábìlì ti máa ń gbọ̀n bí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́ nísàlẹ̀. Obìnrin aránṣọ kan, tí ó fi ọdún mẹ́sàn-án ju tíṣà lọ, ni àgbà kíláàsì. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ìdánwò ìwọlé ti dá a padà. Òun ni ó kọ òfin tíṣà sẹ́yìn ìwé rẹ̀, mẹ́rin géérégé. Èkíní: ka ìbéèrè kí o tó ka ìdáhùn. Èkejì: lé méjì jáde. Ẹ̀kẹta: ìdáhùn tí ó bá ní "nígbà gbogbo" nínú, irọ́ ni ó ń pa. Ẹ̀kẹrin: má fi àyè sílẹ̀ lófìfo, nítorí òfìfo kò gba máàkì rí.

Òfin wọ̀nyí wọ tíṣà lára débi pé kò lè ra bàtà mọ́ kí ó má kọ́kọ́ lé méjì jáde. Lọ́jọ́ kan, aránṣọ bi í bóyá yóò jẹun. Ó béèrè ohun mìíràn tí òun lè yàn.

"Kí ẹ jẹun, tàbí kí ebi pa yín, Tíṣà. Mo ti bá yín lé méjì jáde."

Lọ́jọ́ kejì ìdánwò ẹ̀gbẹ́ ibùsùn náà, tíṣà dé kíláàsì lásìkò, ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ ròyìn gbogbo rẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Nígbà náà ni ó sọ ìyókù: òun kò yege, ó ku ẹ̀ẹ̀kan péré, ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí òní, bí òun bá tún pàdánù, wọn yóò pa orúkọ òun rẹ́.

Aránṣọ dìde, ó gba ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ rẹ̀.

"Tíṣà, ẹ jókòó."

"Ẹ̀gbọ́n, n kò fẹ́ fi àkókò yín ṣòfò..."

"Mo ní kí ẹ jókòó."

Láti ọjọ́ náà, bí ẹ̀kọ́ bá ti parí, akẹ́kọ̀ọ́ á di aláìsàn tí tíṣà yóò yẹ̀ wò. Awakọ̀ kan tí ara rẹ̀ le bí òkúta ń kérora ẹ̀dọ̀. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan pín ibà kan ṣoṣo láàárín ara wọn, wọ́n sì jà nítorí ta ni yóò gbọ̀n. Bí tíṣà bá ti la ẹnu sọ "ohun mẹ́rin", abẹ́rẹ́ aránṣọ á kàn án lápá. Ó ní ẹni tí yóò máa gún gbogbo ayé lábẹ́rẹ́ gbọ́dọ̀ mọ bí ó ṣe ń dunni.

Tíṣà yege lẹ́ẹ̀kejì. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ó ti kú ni àwọn kan ti ń sọ pé àánú rẹ̀ ni ọ̀jọ̀gbọ́n ṣe. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Màmá arúgbó kan tí kò dá akẹ́kọ̀ọ́ méjì tí ó ṣáájú lóhùn ni wọ́n mú un lọ bá. Ó fa àga, ó jókòó. "Màmá, ẹ sọ bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀ fún mi." Lẹ́yìn èyí ó dákẹ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n wo aago lẹ́ẹ̀mejì. Tíṣà dákẹ́ síbẹ̀, títí màmá fi yíjú sí i tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ó gbọ́ ọ tán, ó dárúkọ àrùn náà, ó sì tún aṣọ ìbora tẹ́ fún màmá kí ó tó dìde. Aránṣọ, tí ó sìn ín dé ẹnu ọ̀nà wọ́ọ̀dù, ni ó rí gbogbo rẹ̀, òun ni ó sì ròyìn rẹ̀.