Ìyá Wáyà Kọ̀, Kò Gé E

Ọdún kejìlélógún rèé tí Ìyá Wáyà ti ń gun òpó fún ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù. Kì í fi irin kan wáyà láìkọ́kọ́ sọ pé, "Olúwa, bùkún iṣẹ́ yìí." Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́: "Ṣé wáyà fẹ́ lọ sọ́run ni?"

"Kó lọ," ni yóò wí, "ó sàn ju kí èmi ṣáájú ẹ̀ débẹ̀."

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, wọ́n ní kó lọ gé wáyà àdúgbò ẹ̀yìn. Wáyà tuntun tó ń fi ìmọ́lẹ̀ gbé íńtánẹ́ẹ̀tì ti dé, ṣùgbọ́n títì iwájú, níbi tí ọ́fíìsì pọ̀ sí, ni wọ́n ń fà á lọ. Ilé mẹ́tàdínlógún tó wà lẹ́yìn kò tó ohun tí wọ́n ń torí ẹ̀ gbẹ́lẹ̀. Kí àwọn ará ibẹ̀ máa lo íńtánẹ́ẹ̀tì orí fóònù alágbèéká dípò ti wáyà, ni ọ́fíìsì wí.

Àbúrò rẹ̀ ń gbé ọ̀kan nínú àwọn ilé náà: káfíńtà ni, odi ni. Ọwọ́ ló fi ń bá àwọn oníbàárà rẹ̀ sọ̀rọ̀ nínú fídíò tí wáyà náà ń gbé. Wọ́n ti dán ti fóònù wò: bí èrò bá ti pọ̀ lórí ẹ̀, àwòrán á gan, ọwọ́ káfíńtà á dúró gbagidi láàárín ọ̀rọ̀, bí ẹni tí wọ́n fọwọ́ bò lẹ́nu.

Látìgbà tí ìròyìn gígé náà ti kọ́kọ́ jáde, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Ìyá Wáyà ti fi gbààwẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀run dákẹ́. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé ìdákẹ́jẹ́ náà ń ba òun lẹ́rù.

Ó gun òpó, ó yọ ẹ̀mú, ó lanu láti gbàdúrà rẹ̀. Kò jáde. Ta ni yóò ní kí Ọlọ́run wá bùkún irú èyí?

"Ìyá Wáyà, ẹ gé e o!" Ọ̀gá ọ́fíìsì ló ń pariwo nísàlẹ̀, bàtà rẹ̀ ń dán bíi dígí.

"N ò gé e, sà. Ẹ fa tuntun débí ná."

"Ṣé ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ yín lẹ fi ń ṣeré?"

"Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu ọmọ ìyá mi ló wà nínú wáyà yìí."

"Ẹlòmíì á gé e!"

"Kò burú." Ó ju ẹ̀mú sílẹ̀ lẹ́bàá bàtà dídán náà. "Àkàbà rèé. Ẹ máa bọ̀."

Ọ̀gá wo òpó títí dókè. Látọjọ́ tó ti ń pàṣẹ òpó, kò tíì gun ọ̀kan rí. Ó fa fóònù yọ, ó ń ké, "Hẹ́lò? Hẹ́lò? Ṣé ẹ ń gbọ́ mi?"

Káfíńtà yọjú lójú fèrèsé, ó fọwọ́ béèrè ohun tó dé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fọwọ́ dá a lóhùn látòkè: padà sídìí iṣẹ́ ẹ.

Lẹ́yìn náà ló fún bẹ́líìtì rẹ̀ le mọ́ òpó. Àdúrà wá jáde wàyí:

"Olúwa, bóo gbọ́ o, bóò gbọ́ o, n ò sọ̀ kalẹ̀."