Bọ́ọ̀lù Tí Mo Gbá Láti Ọwọ́ Mi ní Ìkàrẹ́

Kí n tó di aṣọ́lé agbábọ́ọ̀lù tó ń gbowó oṣù, eré ìdárayá tí n kò ṣe kò pọ̀. Ní yunifásítì ní Àkùngbá, mo ń ju ọ̀kọ̀, mo ń gbá fọlibọ́ọ̀lù, èmi náà sì ni olórí àwọn obìnrin tó ń gbá bọ́ọ̀lù àfọwọ́jù. Àwọn tá a jọ ń gbélé máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé bàtà eré mi pọ̀ ju ìwé mi lọ.

Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ nìkan ni n kì í bá wọn gbá, torí Bàámi kò fẹ́. Tíṣà ni wọ́n ní Ọ̀kà. Wọ́n gbà kí ọmọbìnrin sáré, kó sì fò, ṣùgbọ́n kí ó máa du bọ́ọ̀lù nínú ẹrẹ̀, rárá.

Lọ́jọ́ tí àwọn obìnrin agbábọ́ọ̀lù wa lọ gbá bọ́ọ̀lù ní Ìkàrẹ́, ariwo ni mo bá wọn lọ pa. Ọwọ́ aṣọ́lé wa rọ́ kí ìsinmi àárín eré tó dé, kò sì sí ẹni tó máa rọ́pò rẹ̀. Kóòṣì wa, obìnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, wò mí láti òkè délẹ̀.

"Ìwọ tó ń fọwọ́ mú bọ́ọ̀lù, wá wọ ìbọ̀wọ́ yìí."

"Mà, mi ò mọ òfin ẹ̀."

"Má jẹ́ kó wọlé. Òfin ẹ̀ nìyẹn."

Mo wọ ìbọ̀wọ́ náà, inú mi ń dùn. Bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ tó wá, mo fò mọ́ ọn, mo gbá a mọ́yà. Wọ́n ń kígbe pé kí n jù ú. Mo sọ ọ́ sílẹ̀ lọ́wọ́, mo fi ẹsẹ̀ ọ̀tún pàdé rẹ̀ kó tó kanlẹ̀, bí èmi àti àwọn ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ṣe máa ń ṣe lórí òkè ẹ̀yìnkùlé wa, tá a bá ń wo ẹni tí tirẹ̀ máa jìnnà jù. Bọ́ọ̀lù náà gòkè, ó ń lọ. Ó balẹ̀ lẹ́yìn àwọn tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn fún ẹgbẹ́ kejì, ọ̀kan nínú àwọn tiwa sáré tẹ̀ lé e, ó sì gbá a sáwọ̀n. Mo sáré yí pápá ká bíi wèrè. Rẹ́fírí ló wá dá mi padà sáàyè mi.

Nígbà tá a parí, ọkùnrin kan tó wá láti ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù obìnrin kan ní Àkúrẹ́ ní kí n tún un gbá. Mo tún un gbá, ó tún jìnnà ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó béèrè ilé wa.

Ọjọ́ Sátidé ló dé Ọ̀kà, ó ní òun fẹ́ kí n wá máa ṣọ́lé fún ẹgbẹ́ àwọn. Bàámi gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ tán, wọ́n ní, "Ìwé rẹ̀ ńkọ́?"

"Ó máa parí ẹ̀ ná, sà."

Màámi ń bẹ iṣu lẹ́nu ọ̀nà. Wọn ò gbójú sókè. "Ẹ jẹ́ ó lọ. Láti kékeré lẹsẹ̀ rẹ̀ kò ti gbélé."

Mo parí ìwé, mo sì ṣọ́lé fún ẹgbẹ́ náà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ aṣọ wọn jáde, Bàámi wọkọ̀ láti Ọ̀kà wá, wọ́n jókòó sẹ́yìn àwọ̀n mi gan-an. Gbogbo ìgbà tí mo bá ti gbá bọ́ọ̀lù láti ọwọ́ mi ni mo ń gbọ́ ohùn wọn, tí wọ́n ń sọ fún ẹni tó jókòó tì wọ́n pé, "Ẹ wo bó ṣe ń lọ. Ẹ sáà máa wò ó."