Bí Edna Ormerod Ṣe Lé Ejẹ́ǹtì Rẹ̀

Ọjọ́ mẹ́sàn-án péré ni ilé Glenys fi wà lọ́jà. Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹwàá, ọkùnrin kan gbé àkàbà wá, ó lẹ ìwé pupa mọ́ ara pátákó tó wà níwájú ilé náà: Ó TI TÀ. Edna Ormerod dúró sẹ́yìn kọ́tìnnì tirẹ̀, ife tíì lọ́wọ́, ó ń wo ọkùnrin yẹn bí ẹni tí ń wo ìyàwó kejì tí wọ́n ń mú wọlé ọkọ rẹ̀.

Pátákó tirẹ̀ ti wà níta láti oṣù kẹta. Ejẹ́ǹtì kan náà ló ń bá àwọn méjèèjì ta ilé, Lorraine tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà lẹ́bàá ilé ìfìwéránṣẹ́ ní ìlú Colne, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ká sòótọ́, ilé kan náà ni. Àwọn ilé àdúgbò yẹn so mọ́ra láti òkè dé ìsàlẹ̀, òkúta kan náà, òrùlé kan náà, ògiri kan ṣoṣo ló la àárín Edna àti Glenys. Kí wá ni Glenys ní tí òun ò ní?

Ó ní ọkọ. Ibẹ̀ gan-an ló ti ń ta Edna lára. Wilf tirẹ̀ ti kú láti ọdún méjì, àmọ́ Ronnie ti Glenys ṣì wà, ó ń fọ abọ́, ó ń súfèé. Ọmọ wọn tó wà ní Wales ń pè wọ́n lójoojúmọ́, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n sì ń kó lọ. Òjòwú kò lẹ́ran láyà, wọ́n ní. Edna ti rù débi pé aṣọ òjò rẹ̀ ń yí i lára.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin, Winnie, ń gbé létí òkun ní Morecambe. Ilé kékeré kan tí kò ní àtẹ̀gùn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Winnie, tíṣà àgbà tó ni ín sì ti ṣèlérí pé òun á fi de Edna títí oṣù kẹjọ yóò fi parí. Bí oṣù yẹn bá parí tí ilé Edna ò tà, ẹlòmíì ni yóò máa bá Winnie mu tíì. Oṣù keje ti ń lọ sí ìparí.

Edna gbé fóònù.

"Lorraine, ó ti parí láàárín wa."

"Ìyáàfin Ormerod, ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo ṣe?"

"Béèrè lọ́wọ́ ààyò rẹ."

"Mi ò ní ààyò, mà."

"O ní! Glenys ni. Àwọn tó fẹ́ ràlé lóòótọ́, ọ̀dọ̀ rẹ̀ lò ń kó wọn lọ. Àwọn tó o kó wá fún mi, aago ni wọ́n ń wò."

Lorraine mí kanlẹ̀. Ó ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rìndínlógún tí Edna fọwọ́ sí ti pé, kò sẹ́ni tó dè é mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu ò lè tú àdéhùn. Kí ó kọ ọ́ sínú ìwé, ọjọ́ mẹ́rìnlá lẹ́yìn ìwé náà, kálukú á máa lọ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Edna jókòó sídìí tábìlì, ó kọ ọ́: *Lorraine, mi ò fẹ́ kí o bá mi ta ilé mọ́. O mọ ìdí. E. Ormerod.* Kò gbẹ́kẹ̀ lé ìfìwéránṣẹ́. Ó wọ bàtà tó fi ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, ó jáde. Glenys wà lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà tirẹ̀, ó ń fọ òkúta àtẹ̀wọlé.

"Edna, níbo lò ń lọ tó o múra báyìí? Àbí o ti rí ọkọ ni?"

"Mò ń lọ lé ejẹ́ǹtì mi."

"Lorraine? Háà, ọmọ dáadáa ni o! Kí omi tó hó ló ti bá wa ta tiwa."

"Mo gbọ́. Gbogbo Colne ló gbọ́."

Ní ọ́fíìsì, Lorraine ka lẹ́tà náà, ó lu òǹtẹ̀ ọjọ́ náà sí i, ó ṣe ẹ̀dà kan fún Edna. Edna ti dìde kí Lorraine tó fa fáìlì kan yọ.

"Ẹ dúró díẹ̀, mà. Bí ẹnikẹ́ni bá ti wo ilé tán, mo máa ń pè é kí n bi í léèrè ohun tó rí. Mo ti ń fi èyí pamọ́ kó má bàa dùn yín."

Ó kà á. Ẹni àkọ́kọ́ ní ilé náà dára, àmọ́ ìyá onílé tẹ̀lé àwọn dé ilé ìwẹ̀. Ẹni kejì ní ìyá náà sọ fún òun pé omi ń wọ yàrá abẹ́ ilé ìkejì, òun ò rà. Ẹni kẹta, omi. Ẹni kẹrin, omi.

"Ilé Glenys ni mo pè!" ni Edna wí.

"Mà, ògiri mélòó ló wà láàárín yín?"

Edna padà jókòó. Láti ọjọ́ tí Glenys ti ri pátákó mọ́lẹ̀ ni òun ti ń sọ ọ́, kí àwọn tí ń ràlé má bàa yà síbẹ̀. Omi kankan ò sì wọ ibẹ̀ rí. Ẹni da eérú ni eérú ń tọ̀.

"Tọkọtaya kan ń bọ̀ ní Sátidé," ni Lorraine wí. "Ọjọ́ mẹ́rìnlá wa ò tíì pé. Ohun kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ yín: ẹ jáde nílé."

Ní Sátidé, òjò ń rọ̀. Edna tilẹ̀kùn tán, ó dúró sójú títì, kò mọ ibi tí yóò gbà. Glenys yọjú.

"Wọlé, jàre. Bí òtútù bá pa ẹ́ síbẹ̀, wọ́n á ní èmi ni."

Ronnie wà ní ìdáná, ó ń fi bọ́tà sí búrẹ́dì, ó sì ń gé eteetí rẹ̀ kúrò nítorí pé eyín ń dun ìyàwó rẹ̀. Edna wo ọ̀bẹ náà, ó wo ọwọ́ tó mú un. Ní ìkejì ògiri, ẹsẹ̀ ń gun àtẹ̀gùn ilé rẹ̀.

"Ṣé o gbọ́ wọn?" ni Glenys wí. "Báyìí náà ni mo ṣe ń gbọ́ ẹ."

Tíì dúró sí Edna lẹ́nu. "Kí lo gbọ́?"

"Omi. Ó tó ẹ̀ẹ̀mẹta."

Ronnie wúkọ́, ó ní òun fẹ́ lọ wo ewébẹ̀ òun, ó sì jáde sínú òjò.

"Inú ló ń bí mi," ni Edna wí.

"Sí kí ni?"

Edna wo abọ́ búrẹ́dì. "Sí gbogbo ẹ̀."

Kí Glenys tó fèsì, wọ́n kan ilẹ̀kùn. Tọkọtaya náà ni, obìnrin náà lóyún, Lorraine ti lọ. Wọ́n ní kí ó má bínú, àwọn kàn fẹ́ bi aládùúgbò: ṣé omi kì í wọ abẹ́ ilé níbí?

Edna tó wà ní ìdáná di etí tábìlì mú. Ó mọ ohun tí òun ì bá sọ, ká ní òun ló wà lẹ́nu ọ̀nà yẹn.

"Omi?" ni Glenys wí. "Láti ọdún mọ́kànlélógójì tí a ti ń gbé ibí! Abẹ́ ilé wa gbẹ ju ọ̀fun ọkọ mi lọ."

"Ìyá tó ni ilé yẹn ńkọ́, mà?"

"Kò sí èèyàn tó dà bí rẹ̀. Kò pa irọ́ mọ́ mi rí."

Ó padà wọlé, ó jókòó, ó fi búrẹ́dì lọ Edna. Edna jẹ ẹ́.

Ní àárọ̀ Mọ́ńdé, Lorraine pè. Tọkọtaya náà ti gbà láti san iye tí Edna ń béèrè. Ilé Morecambe ti bọ́ sí i lọ́wọ́.

"Lẹ́tà yín ńkọ́, mà?"

"Ya á."

"Wọ́n ní ohun kan ló dun àwọn," ni Lorraine wí, ó ń rẹ́rìn-ín. "Pé obìnrin ilé kejì yẹn ń kó lọ. Wọ́n ní òun gan-an ló jẹ́ kí ilé náà wọ àwọn lójú."

Edna gbé fóònù sílẹ̀. Ilé tí òun àti Wilf fi ọwọ́ ara wọn kùn, Glenys ló tún bá òun tà á! Ó wá bàtà rẹ̀ lábẹ́ àga, ó wọ̀ ọ́ láìso okùn, ó sì sáré lọ kan ilẹ̀kùn Glenys láti sọ fún un pé ilé ti tà, kí Lorraine má bàa ṣáájú òun débẹ̀.