Ìyá Pa-á-tàn-án àti Kọ̀ǹpútà Tó Ń Ṣí Kiri

Ìyá Pa-á-tàn-án, ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta, ni wọ́n gbé kọ́kọ́rọ́ gbogbo yàrá kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn lé lọ́wọ́ lọ́sẹ̀ yìí. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn, nítorí pé kò sí iṣẹ́ tó ṣe tí yóò ní òun ti parí, àfi tó bá pa ẹ̀rọ náà, tó sì tún tàn án lójú oníǹkan.

Kọ́kọ́rọ́ kò tíì móoru lápò rẹ̀ tí wàhálà fi dé. Ọ̀la ni wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún àbúrò rẹ̀ obìnrin. Láàárọ̀ òní, dókítà là á mọ́lẹ̀ pé bí èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kò bá hàn lórí kọ̀ǹpútà yàrá iṣẹ́ abẹ, òun kò ní fọwọ́ kan abẹ. Wọn kì í gba èsì tí a fọwọ́ kọ mọ́, láti ìgbà tí wọ́n ti ṣi irú rẹ̀ kà, tí wọ́n sì fa ẹ̀jẹ̀ tí kò bá a mu sí aláìsàn kan lára. Láti ìdájí, èsì ẹyọ kan kò sì tíì dé ibẹ̀.

Ó jókòó ti kọ̀ǹpútà tó wà ní yàrá àyẹ̀wò, níbi tí èsì ti ń wá; Linux ni ètò tó ń darí rẹ̀. Kò pẹ́ tó fi rí ibi tí ẹ̀gún wà. Nígbàkúùgbà tí iná bá lọ tó bá dé, àpótí tó ń pín nẹ́tíwọ́ọ̀kì á fún kọ̀ǹpútà náà ní àdírẹ́sì tuntun, bí ayálégbé tí wọ́n ń lé láti yàrá dé yàrá. Kọ̀ǹpútà iṣẹ́ abẹ kì í sì í gba èsì lọ́wọ́ àdírẹ́sì tí kò mọ̀. Ìyá Pa-á-tàn-án fún kọ̀ǹpútà yàrá àyẹ̀wò ní àdírẹ́sì kan tí ti iṣẹ́ abẹ mọ̀, tí kò sì ní yí mọ́. Ó wá kọ àdírẹ́sì DNS, ẹni tí kọ̀ǹpútà máa ń bi pé níbo ni lágbájá ń gbé, sínú fáìlì tó ń jẹ́ resolv.conf. Ó fi èsì ẹlòmíràn dán an wò. Ó lọ wìì.

"Ó ti lọ o!" ni ọ̀gá yàrá àyẹ̀wò wí. "Ẹ dìde ká lọ jẹun."

"Ẹ jẹ́ kí n pa á ná."

"Ẹ tún ti bẹ̀rẹ̀! Ọmọ tó ti sùn, ẹ fẹ́ jí i kí ẹ lè bi í bóyá oorun ń kùn ún?"

"Bọ̀dá mi, iná yóò lọ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó sàn kí ojú tì mí níwájú yín ju kí wọ́n dá àbúrò mi padà lẹ́nu ọ̀nà."

Ó pa á, ó tàn án. Àdírẹ́sì dúró gbọnin, ṣùgbọ́n èsì kò lọ. Ohun tó kọ sínú resolv.conf ti pòórá. Ètò kan wà nínú ẹ̀rọ náà tó ń tún fáìlì yẹn kọ nígbàkúùgbà tí wọ́n bá tàn án. Ẹni tó bá kọ nǹkan síbẹ̀, orí omi ló kọ ọ́ sí. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu ọ̀gá àyẹ̀wò. Ìyá Pa-á-tàn-án padà sídìí ẹ̀rọ. Ó kọ DNS sí ẹ̀gbẹ́ àdírẹ́sì, níbi tí ètò yẹn gan-an ti ń gbàṣẹ. Ó tún pa á. Ó tún tàn án. Èsì lọ.

"Ṣé a lè jẹun wàyí?"

"Ẹ bu tèmi pamọ́."

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, iná lọ lóòótọ́, ó sì dé. Lẹ́yìn náà ni èsì àbúrò rẹ̀ jáde, tó sì balẹ̀ sí yàrá iṣẹ́ abẹ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ránṣẹ́ pè é.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ni àbúrò wí lórí bẹ́ẹ̀dì, "wọ́n á pa mí lóorun, wọ́n á tún jí mi. Iṣẹ́ yín náà kúkú ni!"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ìgbà tí wọ́n bá jí ẹ ni n óò tó gbà pé wọ́n ti parí iṣẹ́."

Aago mẹ́jọ òwúrọ̀ ọ̀la ni wọn yóò tì í wọlé.