Ọwọ́ Gbogbo Ayé Lára Alùpùpù Lottie

Nígbà tí Alvin Gapinski wà láyé, ẹ̀yìn rẹ̀ ni ìyàwó rẹ̀, Lottie, máa ń wò nígbàkúùgbà tí wọ́n bá gun alùpùpù jáde. Wọ́n gùn ún lọ sí apá òkè níbi tí igbó ti dí, wọ́n gùn ún yí adágún ńlá ká, wọ́n gùn ún lọ síbi ìgbéyàwó mọ̀lẹ́bí. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá ní kí Lottie sọ ohun tí ó rí lọ́nà, ọrùn ẹ̀wù awọ ni yóò sọ, àti irun ìpàkọ́ tí ó ń funfun díẹ̀díẹ̀. Lọ́dọọdún ni ó ń bẹ ọkọ rẹ̀ pé kí ó kọ́ òun. Lọ́dọọdún ni Alvin ń dáhùn pé, "Tí yìnyín bá ti yọ́ lọ́dún tó ń bọ̀." Ní oṣù Kejì ọdún kan, Alvin ń fi ṣọ́bìrì kó yìnyín kúrò lẹ́nu ọ̀nà, ó di àyà mú, ó jókòó sínú yìnyín náà, kò sì dìde mọ́.

Lottie ń sún mọ́ ọgọ́ta ọdún nígbà náà. Ó ń se oúnjẹ ọ̀sán fún àwọn ọmọ ilé ìwé kan ní West Allis, ó kúrú, ara rẹ̀ sì fúyẹ́. Lẹ́yìn ìsìnkú, ohun tí gbogbo ènìyàn ń bi í kì í ṣe bí ó ṣe ń sùn tàbí bí ó ṣe ń jẹun. Alùpùpù ni wọ́n ń béèrè.

Ìtàn alùpùpù yẹn ti sú u. Ó ti gbọ́ bí àwọn ọ̀dọ́ mélòó kan ṣe bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nínú ahéré pákó kan níhìn-ín ní Milwaukee, ní 1903, tí wọ́n kọ orúkọ Harley àti Davidson sára ilẹ̀kùn. Bí ahéré náà ṣe di ilé iṣẹ́ ńlá tí wọ́n fi bíríkì kọ́. Bí àwọn ọlọ́pàá ṣe ra alùpùpù wọn, tí àwọn ológun rà á, tí ó bá wọn ja ogun ńlá méjèèjì. Bàbá Alvin gun irú rẹ̀ nínú ẹrẹ̀ ilẹ̀ Faransé, ó sì búra pé bí òun bá padà délé láàyè, òun yóò ra ti òun. Ó padà délé. Ní 1948 ó ra aláwọ̀ búlúù kan. Ọdún yẹn gan-an ni wọ́n kọ́kọ́ fi ìdérí tí ó dà bí páànù dé orí ẹ́ńjìnnì, tí àwọn ènìyàn fi ń pè é ní olórí-páànù. Nínú ọkọ̀ kékeré tí wọ́n so mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni ó gbé ìyàwó rẹ̀ lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ tí wọ́n bí àbúrò Alvin, Norbert, Norbert kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé. Nígbà tí alùpùpù ilẹ̀ Japan dé, tí ènìyàn kàn ń fi àtàǹpàkò tẹ nǹkan kan tí yóò sì tàn, àwọn aládùúgbò fi Alvin, tí bàbá rẹ̀ ti fi aláwọ̀ búlúù náà sílẹ̀ fún, ṣẹ̀sín. Alvin ní tiwọn ń pariwo ni, tòun ń mí. Òótọ́ ni pé ó ní bó ṣe ń dún: gbùdù-gbù, gbùdù-gbù, bí ìrìn ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan gùn ju èkejì lọ. Lottie lè dá ìró yẹn mọ̀ láti inú ilé ìdáná kí ó tó yà sí àdúgbò wọn.

Dókítà eyín kan wá láti Illinois, ó fẹ́ rà á. Norbert jókòó sí ibi tábìlì, ó ń jẹ píẹ́rógì, ìyẹ̀fun pípò tí wọ́n fi ànàmọ́ sínú rẹ̀, tí Lottie dín.

"Tà á fún un, ìyàwó wa," ni ó wí. Bẹ́ẹ̀ ni ó ti ń pè é láti ọjọ́ tí Alvin ti mú un wálé. "Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Mo fẹ́ máa gùn ún."

"Ta ni yóò máa gbé ọ?"

"Ta ló sọ pé kí ẹnikẹ́ni gbé mi?"

Norbert rẹ́rìn-ín títí ó fi rí ojú rẹ̀.

"Kí n wá jẹ́ kó lọ sí Illinois, Norbert? Alùpùpù bàbá rẹ?"

Norbert gbé fọ́ọ̀kì sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ nǹkan ni ó lè fara dà, ṣùgbọ́n ti àwọn ará Illinois, ìpínlẹ̀ tó bá tiwọn pààlà, kò sí nínú rẹ̀. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ ní gbàgede ìgbọ́kọ̀sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Olùkọ́ dáadáa ni Norbert. Bọ́ọ̀sì ìlú ni ó ń wa kí ó tó fẹ̀yìn tì, sùúrù sì pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹsẹ̀ òsì fún kílọ́ọ̀ṣì," ni ó ń wí, "ọwọ́ òsì fún jíà. Má wo ilẹ̀. Ibi tó o bá ń wò ló máa gbé ọ lọ." Kí ewé tó bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, Lottie ti gba ìwé àṣẹ. Gígùn rẹ̀ kò nira fún un. Títan rẹ̀ ni wàhálà.

Alùpùpù yẹn kò ní bọ́tìnnì. Ènìyàn á kọ́kọ́ dí ojú afẹ́fẹ́, á rọra fi ẹsẹ̀ fa epo wọlé, á ṣí kọ́kọ́rọ́, á fi ọwọ́ òsì dá iná tí ń tan epo nínú ẹ́ńjìnnì dúró díẹ̀, lẹ́yìn náà á dìde dúró lórí irin kíìkì, á sì fi gbogbo ara jálẹ̀. Alvin kì í ṣe é ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ti Lottie, ó di ìgbà tó bá wù ú. Lọ́jọ́ Túsìdeè ó lè tàn wẹ́rẹ́, tó bá di Tọ́sìdeè á fẹsẹ̀ jálẹ̀ títí aṣọ á fi lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn. Nígbà mìíràn irin náà á ta padà, á gbá a lójúgun. Ó gbé e ṣubú lu ẹ̀rọ ìgékoríko lọ́jọ́ kan. Ojúgun rẹ̀ dúdú, àwọn tí wọ́n jọ ń se oúnjẹ bi í léèrè bóyá ó ń gbá bọ́ọ̀lù.

Ó rò pé ẹsẹ̀ òun ni kò lágbára. Ó ń gun àtẹ̀gùn ilé lókè-nísàlẹ̀ kí orúnkún lè le. Àfi ìgbà tí ó tibi iṣẹ́ dé ní ìrọ̀lẹ́ kan tí ó bá Norbert lórí ìkúnlẹ̀ nínú ilé ọkọ̀, tí ìka rẹ̀ wà lára ìdè kékeré tí wọ́n fi ń ṣètò epo lára kabúrétọ̀.

"Kí lò ń ṣe?"

"Mo kàn yí i díẹ̀ ni. Epo tó ń mu ti pọ̀ jù."

"Ìgbà wo lo tún yí i kẹ́yìn?"

Norbert ronú. "Ọjọ́ Ajé. Ṣùgbọ́n nígbà yẹn, epo tó ń mu ti kéré jù."

Kò tíì sọ̀rọ̀ tán tí Elroy Zastrow, aládùúgbò tí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ kọjú sí tiwọn, yọ orí wọlé. "Ṣé ó ti dára báyìí?" ni ó bi Lottie. "Mo rí ilẹ̀kùn ní ṣíṣí láàárọ̀, mo ní kí n bá ọ sún iná rẹ̀ síwájú díẹ̀. Alvin máa ń dá a dúró jù."

Lottie wo àwọn méjèèjì. Gbogbo oṣù wọ̀nyẹn tí ó ń fi ẹsẹ̀ rẹ̀ bú ara rẹ̀, tí ó ń fi yìnyín lé ojúgun. "Ẹ jáde," ni ó wí.

Ó ra àgádágodo. Inú bí Norbert. "O fi àgádágodo ti alùpùpù bàbá mi mọ́ mi?"

"Mo tì í mọ́ ìka rẹ. Ìwọ fúnra rẹ lè wọlé, tó o bá fi ìka sílẹ̀ níta."

Ó jókòó tì í fúnra rẹ̀ lọ́pọ̀ ọ̀sán, ó ń yí ìdè náà, ó ń tẹ́tí, ó ń dá a padà, títí ọwọ́ rẹ̀ fi mọ ibi tí ara alùpùpù náà ti ń balẹ̀. Láti ìgbà náà, ó ń tàn fún un, bí kì í bá ṣe ní kíìkì kejì, á jẹ́ ní ẹ̀kẹta.

Ní ọdún 2003 ni ìlú ṣe ayẹyẹ ọgọ́rùn-ún ọdún ahéré pákó yẹn. Níparí oṣù Kẹjọ, àwọn tí ń gun irú alùpùpù náà dé láti California, láti Texas, láti Jámánì, láti Australia. Abọ́ ń gbọ̀n nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Norbert ní òun yóò tètè gbé àga lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì lẹ́bàá adágún, pẹ̀lú sọ́séèjì àti bíà, kí Lottie wọ inú ìwọ́de náà, kí ó sì gba iwájú òun kọjá lórí alùpùpù bàbá òun. "Màá dìde dúró," ni ó wí. "Màá ṣí fìlà."

Lottie tètè jáde. Ohun kan ṣoṣo tí ó kù ni epo, ó sì yà sí ilé epo kan ní National Avenue. Kò tíì sọ̀ kalẹ̀ tán tí ọkùnrin kan láti Nebraska fi dúró tì í.

"Ọdún wo nìyí, mà?"

"Méjìdínláàádọ́ta."

"Mo mọ̀. Bàbá mi ní irú rẹ̀." Ó sì bẹ̀rẹ̀: bí bàbá rẹ̀ ṣe rà á, bí ó ṣe tà á nítorí pé ọmọ ti pọ̀ nílé, bí òun ṣe ń wá a láti ìgbà náà. Omi wà lójú rẹ̀. Lottie kò lè lé ẹni tí ń sunkún. Kí ó tó parí, òmíràn ti dé, ẹ̀gbọ́n ìyá tirẹ̀ ni ó ní irú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ọkùnrin kan wo ẹ̀yìn Lottie bí ẹni tí ń wá nǹkan.

"Ọkọ yín dà, mà?"

"Ó ti kú."

"Ẹ pẹ̀lẹ́. Ta ló wá gùn ún débí?"

Akoto ṣì wà lórí Lottie. Ó gba àárín wọn kọjá, ó wọlé lọ sanwó. Nígbà tí ó jáde, onírùngbọ̀n pupa kan ti lóṣòó ti kabúrétọ̀.

"Ó ń mu epo jù, mà," ni ó wí, ó sì ń nu ọwọ́. "Mo ti bá yín tún un ṣe. Ẹ má wulẹ̀ dúpẹ́."

Lottie fẹsẹ̀ jálẹ̀. Kò dáhùn. Ó tún jálẹ̀. Àwọn ọkùnrin yí i ká, ìmọ̀ràn sì bẹ̀rẹ̀: kí ó ṣí afẹ́fẹ́, kí ó pa afẹ́fẹ́, kí ó jẹ́ kí àwọn bá a gbìyànjú, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló fúyẹ́. Irin náà ta padà, ó gbá a lójúgun ibi àtijọ́. Ó dúró, ó sì dùn ún débi pé ojú rẹ̀ ṣú. Láti ọ̀nà jíjìn ni ó ti ń gbọ́ ìró ìwọ́de tí ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbéra.

"Ẹ gbọ́," ni ó wí. Kò gbé ohùn sókè. "Ẹ sún sẹ́yìn, gbogbo yín. Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án mọ́. Kí ẹnikẹ́ni má sì bá mi sọ̀rọ̀."

Wọ́n dákẹ́ bí ọmọ ilé ìwé. Ó yí ìdè náà pa pátápátá, ó sì ṣí i padà dé ibi tí ọwọ́ rẹ̀ mọ̀. Ó jálẹ̀, kò tàn. Ó tún jálẹ̀. Gbùdù-gbù. Wọ́n pàtẹ́wọ́, onírùngbọ̀n pupa ni ó sì pàtẹ́wọ́ jù. Ó ṣe Lottie bíi pé kí ó bọ́ akoto kí ó fi gbá a.

Nígbà tí yóò fi dé ìkóríta, ọlọ́pàá ti gbé igi dínà.

"Ẹ máa bínú, mà. A ò lè jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọlé mọ́ báyìí."

"Kí lo rò pé mo gùn yìí?"

"Mo rí i, mà. Ó rẹwà gan-an." Ọlọ́pàá náà rẹ̀rín músẹ́, ó tẹ̀ bá táǹkì. "Bàbá mi àgbà ní irú rẹ̀."

Lottie yí padà kí ó má baà gbọ́ ìyókù. Kò lọ sílé. Ó kọrí sí Loomis Road, ó jáde nílùú, inú sì ń bí i títí ó fi kọjá Muskego. Oko àgbàdo wà lápá ọ̀tún, ilé màlúù pupa wà lápá òsì, ojú ọ̀nà sì ṣí sílẹ̀ níwájú rẹ̀ láìsí ẹ̀yìn ẹnikẹ́ni. Ó wò ó dáadáa. Ó wù ú kí Alvin wà níbẹ̀ kí ó lè bá a jà.

Nígbà tí ó délé, Norbert wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú àga tó ti ká.

"Mo dúró dè ọ́," ni ó wí.

"Mo mọ̀."

"Gbogbo ìgbà tí búlúù kan bá ń bọ̀ ni mò ń ṣí fìlà. Mo ti ṣí fìlà fún gbogbo Texas."

"Ọkùnrin kan bá mi tún kabúrétọ̀ ṣe nílé epo."

Norbert ń bá ara rẹ̀ jà, ó sì hàn lójú rẹ̀. "Apá ibo ló yí i sí?" ni ó béèrè níkẹyìn.

Lottie wọlé, ó sì pa ilẹ̀kùn dé. Ọ̀sẹ̀ yẹn lọ, òmíràn dé, wọn kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi pàdé nídìí ẹja díndín tí wọ́n máa ń jẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Norbert sún ànàmọ́ tirẹ̀ sí i. "Tí mo bá fẹ́ fọwọ́ kàn án, màá kọ́kọ́ béèrè," ni ó wí.

"Màá ní rárá."

"Màá ṣáà béèrè."

Lottie gùn ún lọ́pọ̀ ọdún sí i, títí orúnkún rẹ̀ fi kọ̀, tí ó sì fi kọ́kọ́rọ́ lé ọmọbìnrin Norbert lọ́wọ́. Àwọn ọkùnrin kò jáwọ́. Níbikíbi tí ó bá dúró, á bá ẹnìkan tí bàbá rẹ̀ ní irú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti rí ilé epo kan lọ́nà Wind Lake, ẹ̀rọ epo kan péré níwájú ilé ìtajà kékeré, ìyá àgbà kan ló ni ín. Láti ìgbà náà, ibẹ̀ ni ó ń lọ ra epo, bí ó tilẹ̀ jìnnà.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí ó débẹ̀, ìyá náà jáde, ó wo alùpùpù búlúù náà láti iwájú dé ẹ̀yìn. Lottie dúró kí ìtàn bẹ̀rẹ̀.

"Ariwo ẹ̀ pọ̀ o," ni ìyá náà wí. "Mélòó ni kí n rọ?"

"Ẹ rọ ọ́ kún," ni Lottie wí, ó sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹnu ọ̀nà, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì.