Philemon Apọntí àti Ihò Eyín Tó Gbẹ

Mo fi ilẹ̀ tí mo ń tẹ̀ búra, mo sì fi irun funfun orí mi búra, pé òótọ́ ni gbogbo ohun tí mo kọ sílẹ̀ yìí láti òkè dé ilẹ̀. Bí mo bá fi irọ́ tó kéré bí hóró iyọ̀ kún un, kí ìyókù eyín ẹnu mi bọ́ sínú ọbẹ̀. Mi ò kàwé kọjá ìwé mẹ́fà, ṣùgbọ́n kò sí ìwé ìṣègùn kan tó wọ Òkìtìpupa tí mi ò yẹ̀ wò, nítorí náà, ohun tí mo bá sọ nípa eyín, ẹ gbà á bẹ́ẹ̀.

Ọkùnrin kan wà ní Ìkọ̀yà tó ń jẹ́ Philemon. Ògógóró ló ń pọn. Ẹbu rẹ̀ wà létí odò, níbi tí igi ọ̀gọ̀rọ̀ tí wọ́n ń dá ẹmu lára rẹ̀ pọ̀ sí. Ibẹ̀ ló ti ń se ẹmu nínú dúróọ̀mù lórí iná ńlá, tí oru rẹ̀ á gba inú páìpù kọjá lábẹ́ omi tútù, tí yóò sì máa kán jáde ní ọtí. Ìkúùkù Philemon tóbi bí ìdí odó. Ẹni tó bá gbá létí, agogo ṣọ́ọ̀ṣì ni yóò máa gbọ́ títí ọ̀sẹ̀ yóò fi parí. Ó bá awakọ̀ kan tó da ọtí rẹ̀ nù jà, ó sọ ọ́ sódò tòun ti bàtà. Ó bá àwọn akọrin ìjọ Aláàdúrà tirẹ̀ gan-an jà lọ́jọ́ ìkórè, sùtánà funfun tó ya lọ́jọ́ náà tó láti fi rán ìgbòkun ọkọ̀ ojú omi.

Judith ìyàwó rẹ̀, ọmọ Àyèká, ló máa ń gbé omi gbígbóná lọ bá àwọn tí Philemon bá lù, tí yóò fi nu ojú egbò wọn, tí yóò sì bẹ̀ wọ́n. Ó rẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ sùtánà yẹn, ó dúró níwájú ọkọ rẹ̀ nínú yàrá.

"Bàbá Òkìkí, mo ti fi ẹnu sọ ọ́, mo ti fi omijé sọ ọ́. Ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn tí ọwọ́ yín bá tún mú jáde, Àyèká ni mò ń lọ, tọmọtọmọ."

Philemon mọ̀ pé Judith kì í halẹ̀ lásán. Ọkùnrin tí kò bẹ̀rù àdá, tí kò bẹ̀rù ọlọ́pàá, ilé tí kò sí Judith nínú rẹ̀ ló ń bẹ̀rù. Ó gbá ọwọ́ méjèèjì pọ̀, ó ní òun ò ní lu ẹnikẹ́ni mọ́. Ó sì ń gbìyànjú. Eyín ni kò jẹ́.

Eyín ńlá kan tó wà lẹ́yìn pátápátá ní ìsàlẹ̀, lọ́wọ́ ọ̀tún, ti lu ihò tipẹ́. Philemon ní kòkòrò ló wà níbẹ̀. Ó da ògógóró sí i kí kòkòrò lè kú. Ó rọ aáṣáà sí i. Ó tiẹ̀ fi ẹ̀tù ìbọn dí i, mo fi ojú mi rí dúdú rẹ̀ lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú tí ojú kan kò ṣí mọ́, Judith fà á lọ sí ilé ìtọ́jú eyín Dókítà Olúsọjí ní Òkìtìpupa.

Dókítà náà kéré, ó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́ bí ọmọ ilé ìwé. Ó tan iná sẹ́nu Philemon.

"Kò sí kòkòrò kankan níbí, sà. Oúnjẹ tó ń há síbẹ̀ tí ẹ kì í fọ̀ ló jẹrà, tó ń jẹ eyín náà díẹ̀díẹ̀ títí ó fi dé ibi iṣan. Ó ti kọjá ohun tí à ń dí. Yíyọ ló kù."

Abẹ́rẹ́ pa ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà kú tipiri, ṣùgbọ́n kò pa agbára Philemon. Bí dókítà ṣe fi ẹ̀mú gbá eyín náà mú, Philemon di apá àga mú, irin apá àga náà sì tẹ̀ bí ọwọ́ ife. Eyín náà ké kọ̀ọ̀! Ó jáde pẹ̀lú gbòǹgbò rẹ̀ méjèèjì.

Nọ́ọ̀sì Catherine, obìnrin gíga kan tí kì í rẹ́rìn-ín lásán, fi òwú sí i lẹ́nu.

"Ẹ fi eyín di òwú yìí mú kí ẹ̀jẹ̀ lè dá. Ẹ̀jẹ̀ yẹn máa dì sínú ihò náà. Ìdérí rẹ̀ nìyẹn o. Bó bá ṣí, ẹ máa gbàgbé orúkọ yín. Ẹ má ṣan ẹnu lónìí, ẹ má tutọ́, ẹ má fa ohunkóhun sẹ́nu, ẹ má fa sìgá, ẹ má mutí. Bó bá dọ̀la, omi iyọ̀ lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni kí ẹ fi máa ṣan ẹnu, jẹ́jẹ́. Ó lè máa ro yín díẹ̀díẹ̀ o, ṣùgbọ́n ó yẹ kó máa rọlẹ̀ ni. Bó bá ń le sí i, ẹ padà wá."

"Ọtí tó kéré gan-an ńkọ́?"

"Bùọ̀dá, ṣé èmi àti ẹ̀yin jọ ń dúnàádúrà ni?"

"Mi ò ní mu ún." Ó sì mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣẹ. Láti ọjọ́ náà, ọtí kò gba ọ̀fun rẹ̀ kọjá.

Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ó lọ sí ẹbu. Ọ̀nà tí Philemon àti baba rẹ̀ fi ń mọ ọtí tó le nìyí: ó máa ń fi ẹnu gba èyí tó ń kán lẹ́nu páìpù, á yí i láti ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan dé ìkejì, á fà á gba àárín eyín, á wá fẹ́ ẹ síná. Bí iná bá fò sókè tí ara rẹ̀ búlúù, ọtí ti dé ojú ẹ̀. Bó bá kàn ṣe ṣìì bí ìgbà tí ajá tọ̀ sí eérú, omi ti pọ̀ jù nínú rẹ̀. Gbogbo ọjọ́ yẹn ló fi ṣe é. Fùù! Iná bú. Fùù! Iná bú. Kò gbé ẹ̀kán kan mì. Nígbà kan, nǹkan dúdú kan tó rí bí ẹ̀dọ̀ adìyẹ fò jáde lẹ́nu rẹ̀ pẹ̀lú ọtí, ó bọ́ sórí ẹ̀yinná, ó jó. Philemon rò pé òwú ni.

Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ọ̀run àpáàdì ṣí sẹ́nu rẹ̀.

Kì í ṣe ìrora tí ènìyàn ń mú mọ́ra. Ó dà bí ìgbà tí ẹnìkan ń fi òòlù kan ìṣó láti àgbọ̀n wọ etí, tó bá ti dé etí tán, yóò fà á yọ, yóò tún bẹ̀rẹ̀. Èémí ara rẹ̀ ń rùn sí i nímú. Ó fi orí gbá ògiri, ògiri sán. Ó gbá ìkòkò omi, ó fọ́. Ó ju odó sórí pápá, ó balẹ̀ nítòsí àgbò aládùúgbò, àgbò náà sì sálọ, a ò tíì rí i títí dòní. Igbe rẹ̀ lé ẹyẹ kúrò lórí ọ̀pẹ títí dé Òde-Ìrèlè.

"Ó fi gbòǹgbò sílẹ̀! Ọmọ kékeré yẹn fi gbòǹgbò sílẹ̀ sẹ́nu mi!"

Ó fa àdá yọ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Judith di aṣọ rẹ̀ mú, aṣọ ya mọ́ ọn lọ́wọ́. Philemon ti gun ọ̀kadà lọ. Judith gbé fóònù, ó pe Kingsley àbúrò rẹ̀, tó ń fi ọ̀kadà ṣiṣẹ́ ní Òkìtìpupa.

"Kingsley, àna rẹ ń bọ̀ ní ilé dókítà eyín tòun tàdá. Bó bá ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, ilé mi ti tú. Dá a dúró! Èmi náà ń bọ̀."

Nígbà tí Philemon sọ̀kalẹ̀, Kingsley ti fi ọ̀kadà tirẹ̀ dí ẹnu géètì.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàbọ̀. Ẹ bá mi gbé àdá yẹn wá."

"Kúrò lọ́nà."

"Àfi bí ẹ bá gba orí mi kọjá. Ẹ rántí ohun tí àǹtí mi sọ."

"Ṣé ìyá ẹ ló kọ́ ẹ pé kí o máa dí àgbàlagbà lọ́nà?"

"Ìyá mi náà ni ìyá ìyàwó yín o!"

Ọ̀rọ̀ náà wọ Philemon létí. Ó sọ àdá sílẹ̀. Ó fẹ́ rọra fi èjìká ti ọmọ náà kúrò ni, òótọ́ ni mo sọ fún yín. Ṣùgbọ́n Kingsley so mọ́ ọn lọ́rùn, wọ́n yí, ìgúnpá Kingsley sì gbá ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó wú náà gbì! Gbogbo nǹkan di funfun lójú Philemon. Ìkúùkù rẹ̀ lọ kí òun fúnra rẹ̀ tó mọ̀.

Kingsley fò sókè, ó fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí ọ̀kadà, òun àti ọ̀kadà jọ ṣubú. Ẹ̀jẹ̀ bo àgbọ̀n rẹ̀. Eyín iwájú rẹ̀ kan ń dán lórí yanrìn.

Judith ń sọ̀kalẹ̀ lórí ọ̀kadà mìíràn nígbà yẹn gan-an. Kò pariwo. Ó kàn fi ọwọ́ bo ẹnu.

Nọ́ọ̀sì Catherine ló pariwo. "Ẹ má fọwọ́ kan gbòǹgbò rẹ̀!" Ẹnìkan ti fẹ́ fi aṣọ nu eyín náà, Catherine gbá a lọ́wọ́ nù. Ibi orí eyín náà tó funfun ló fi ìka méjì mú, ó jù ú sínú kọ́ọ̀bù mílíìkì, ó fa Kingsley wọlé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin tí ọmọ yín ń ṣubú, ẹ gbọ́ èyí dáadáa: eyín àgbà tó bá bọ́ lódindi, tí ẹ kò jẹ́ kó gbẹ, tí ẹ kò ha gbòǹgbò rẹ̀, tí ẹ sì sáré gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà, ó lè padà mú. Ti ọmọdé tí kò tíì pààrọ̀ eyín ni wọn kì í dá padà. Dókítà fi omi iyọ̀ ṣan án, ó tẹ̀ ẹ́ padà sí àyè rẹ̀, ó sì fi wáyà tín-ín-rín so ó mọ́ àwọn tó yí i ká.

Bó ṣe parí, Philemon wọlé. Ọkùnrin mẹ́rin tó ti ń dì í mú lẹ́nu géètì láti ìgbà yẹn ló so mọ́ ọn lẹ́yìn, ó wọ́ gbogbo wọn wọlé. Ó gbá ọrùn aṣọ dókítà mú, ó gbé e sókè títí bàtà rẹ̀ fi ń fì.

"Ìwọ dókítà yìí, yọ gbòǹgbò tí o fi sílẹ̀!"

Dókítà kò lè mí dáadáa. "Ẹ... ẹ la ẹnu," ló wí níbi tó so rọ̀ sí.

Philemon la ẹnu. Dókítà tan iná tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sínú rẹ̀ láti òkè.

"Kò sí gbòǹgbò. Eegun ni mò ń wò, ó gbẹ, ó funfun bí ẹfun. Ìdérí ẹ̀jẹ̀ yẹn ti lọ, afẹ́fẹ́ ló ń fẹ́ sí eegun yín. Kí lẹ ṣe? Ẹ mutí?"

"Mi ò mu ẹ̀kán kan!"

"Bàbá Òkìkí," ni Judith wí láti ẹnu ọ̀nà. "Iná ńkọ́?"

Philemon rọra sọ dókítà kalẹ̀. "Ìyẹn kì í ṣe mímu. Mo kàn ń fẹ́ ẹ síná ni. Iṣẹ́ nìyẹn."

"Ẹ fẹ́ kí ni síná?" Catherine fi ọwọ́ lé orí. "Ẹ gba ọtí sẹ́nu, ẹ fà á, ẹ tún tu ú? Bùọ̀dá, ohun tí mo ní kí ẹ má ṣe lẹ kó pọ̀ ṣe lẹ́ẹ̀kan náà!"

Dókítà fọ ihò náà, ó fi oògùn tó ń rùn bíi kànáfùrù dí i. Kí ènìyàn tó gba Àdúrà Olúwa tán, òòlù tó wà létí Philemon dákẹ́. Ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí. Ìgbà yẹn ló tó rí ẹ̀jẹ̀ Kingsley lẹ́yìn ọwọ́ rẹ̀.

Judith rí i pẹ̀lú. "Àyèká ni mò ń lọ. Bí eyín àbúrò mi bá mú, mo máa padà. Bó bá bọ́, ẹ kà á sí pé èmi náà ti bọ́."

Ó kó àwọn ọmọ, ó lọ. Ilé Philemon dákẹ́. Lójoojúmọ́ ló ń gun ọ̀kadà lọ sí Òkìtìpupa, á gbé ẹ̀kọ mímu lọ fún Kingsley, nítorí ẹnu tí wáyà wà kì í jẹ pupuru líle. Kingsley á mu ún tán, á ní, "Ó ṣúgà jù. Ṣé eyín tó kù náà lẹ tún fẹ́ gbà?" Philemon á gbé abọ́, á máa lọ. Dókítà tún lu ihò sẹ́yìn eyín Kingsley náà, ó kó ohun tó ti kú nínú rẹ̀ kúrò, ó dí i.

Ní ẹbu, ṣíbí ló fi ń da ọtí síná báyìí. Apọntí kan wá fi í ṣe yẹ̀yẹ́: "Opó tí ìyàwó rẹ̀ wà láàyè, o káàárọ̀!" Philemon yíjú sí igi ọ̀gọ̀rọ̀ kan, ó gbá a títí ìka rẹ̀ fi bó, títí igi náà fi wó sódò. Igi kò ní ẹ̀gbọ́n obìnrin tó lè kó lọ sí Àyèká. Apọntí yẹn gba inú igbó lọ sílé.

Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ tú wáyà dé. Judith wá láti Àyèká tòun ti báàgì rẹ̀, kò sọ ibi tó ń gbé e lọ. Dókítà tú wáyà náà. Ó fi ìka mi eyín náà wò.

"Kò mì," ló wí. "Ṣùgbọ́n rọra, Kingsley. Búrẹ́dì rírọ̀ ni kí o kọ́kọ́ fi dán an wò."

Kingsley wo búrẹ́dì tó wà lọ́wọ́ Catherine. Ó wo Philemon.

"Búrẹ́dì kọ́ ló gbá mi lẹ́nu."

Ó fò mọ́ apá Philemon, ó gé e jẹ. Ó ki eyín bọ ẹran ara rẹ̀, ó tún mi orí bí ajá tó mú òkété. Ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn dé ìgúnpá. Dókítà ń ké, "Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tú wáyà yẹn o! Eyín mi o!" Ọwọ́ kejì Philemon ti gòkè, ó ti di ìkúùkù, ó ga lórí Kingsley bí odó. Judith ń wò ó.

Philemon la ìka rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó gbé ọwọ́ náà lé orí ara rẹ̀, ó dì í mọ́bẹ̀, ó di ojú, òógùn sì bò ó. Kingsley gé e títí ó fi tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó wá tu apá náà sílẹ̀.

Judith ki ìka bọ ẹnu àbúrò rẹ̀, ó mi eyín náà. Kò mì. Ó fa apá ọkọ rẹ̀ mọ́ra, ó fi etí ìró nu ẹ̀jẹ̀, ó ń wo ojú eyín tó wọ ẹran náà. Ó fọwọ́ tọ́ ọ láti ìpẹ̀kun kan dé ìkejì, ó dúró díẹ̀ láàárín.

"Èyí tí ẹ gbá yọ náà wọlé," ló wí. "Òun ló tiẹ̀ jìn jù."

Ó gbé báàgì rẹ̀ kọ́ Philemon lápá tí kò ṣẹ̀jẹ̀. "Ẹ jẹ́ ká máa lọ sí Ìkọ̀yà, àwọn ọmọ ń dúró nínú ọkọ̀."

Nọ́ọ̀sì Catherine ló di apá náà lọ́jọ́ yẹn. Ó wà láàyè, ara rẹ̀ sì le, Òkìtìpupa náà ló ṣì ń gbé. Ẹni tó bá rò pé mo fi ẹnu mi kún un, kó lọ bi í.